Orin Tí A Fi Ń Lọ Sílé

Kò sí ohun tó bàjẹ́ ní àdúgbò wọn ní Diobu, ní Port Harcourt, tí Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò lè tún ṣe. Sítóòfù tó ń rú èéfín, rédíò tó ń kùn bí ẹni tí iyanrìn kún ẹnu rẹ̀, aago tó ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an, bí wọ́n bá ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bó pẹ́ bó yá, á dáhùn. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ilé rẹ̀ tí kò pé, tí kò sì fọwọ́ kàn. Fèrè idẹ kan ni, tó fi àkísà jọ́ọ̀jì wé, tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lórí fèrè náà tí afọnfèrè fi ń pààrọ̀ ohùn, èyí tó wà láàárín sì máa ń há. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ń bi í láti kékeré pé kí ló dé tí kò tún un ṣe. Èsì kan náà ló máa ń gbà: ẹni tó bá tún gbogbo nǹkan ṣe tán, kí ló tún kù tó ń ṣe láyé?

Ohun mìíràn tún wà nípa bàbá yìí tí kò yé ọmọ rẹ̀. Kì í kọrin. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Kìrìsìtẹ́nì paraku, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí ìjọ bá dìde láti kọrin, á dìde, á ṣí ìwé orin, á sì pa ẹnu dé títí wọn yóò fi ṣe Àmín. Ìyá Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Kalabari tó ń jẹ́ Ibiere, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀ pé Ọlọ́run ló fi ẹnu ọkọ òun pa mọ́ kí àwọn akọrin obìnrin má baà gbà á lọ́wọ́ òun. Àwọn ará ìjọ ní tiwọn ti gbà pé ohùn bàbá ni kò dára.

Ọdún 1979 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣe tíṣà ní Rumuokwurushi, ó sì ti rí ẹni tí yóò fẹ́. Dagogo lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kalabari bíi ìyá Kíkẹ́lọmọ, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní iléeṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Ọkùnrin náà níwà, ó sì fẹ́ràn Kíkẹ́lọmọ débi pé ó ti ń fi ìkọ̀kọ̀ kọ́ bí àwọn Yorùbá ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ó ti fi orí gbá àga lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti ń kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mọ ilé, bàbá Dagogo, Pa Pius, kò lè wá. Òṣìṣẹ́ èbúté ni nígbà tó lágbára, àmọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ̀ ọ́; bí ẹni méjì kò bá gbé e lápá, kì í dìde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Comfort, ló bá Dagogo wá dípò rẹ̀. Obìnrin yìí jókòó, ó gba Fáńtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ka ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sára fọ́tò kan lára ògiri, fọ́tò àwọn ọlọ́pàá ayé òyìnbó tí wọ́n tò bí eyín, tí wọ́n kọ Port Harcourt, 1947 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó bi Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ bóyá òun náà wà níbẹ̀. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi ìka kan ara rẹ̀ hàn án. Àǹtí Comfort wá bèèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bóyá ó wà lẹ́nu géètì èbúté lọ́jọ́ tí wọ́n na ìbọn sí àwọn tó yanṣẹ́lódì.

Bàbá yọ ìka rẹ̀ kúrò lára fọ́tò náà. Ó ní òun wà níbẹ̀.

Àǹtí Comfort gbé Fáńtà rẹ̀ kalẹ̀ láì tíì mu ún dé àárín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Ìdọ̀bálẹ̀ tí Dagogo ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí wá kò rí ibi tó máa gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Dagogo wá bá Kíkẹ́lọmọ nílé ìwé, ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá òun ti ní kò ní ṣeé ṣe. Wọ́n kó o lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan nítorí ìyanṣẹ́lódì yẹn, ó sì ti búra pé ọmọ òun kankan kò ní fẹ́ ọmọ ẹni tó na ìbọn sí òun. Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó sunkún tán, ó ní kí Dagogo jókòó, kó sọ gbogbo bí ọjọ́ náà ṣe rí fún òun, torí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó pa òun.

Dagogo mọ ìtàn náà bí ẹni mọ àdúrà. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ náà bá pé, bàbá rẹ̀ máa ń kó ilé jọ, á sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté fi yanṣẹ́lódì. Ogun Hitler ti parí, oúnjẹ ti wọ́n gógó, owó ọ̀yà wọn kò sì kúrò lójú kan. Ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ló rán akéde tó ń lu agogo káàkiri ìgboro. Nígbà tí gbogbo èyí kò ṣiṣẹ́, ó kó ọlọ́pàá wá láti ọ̀nà jíjìn, Yorùbá, Haúsá àti Tífí, àwọn tí kò gbọ́ èdè ìlú, tí kò ní àna níbẹ̀, kí àánú má baà ṣe wọ́n. Òyìnbó sì rèé, bó bá fẹ́ pa èèyàn, ó ní bó ṣe ń tò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ ta aṣọ kan tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí. Ajẹ́lẹ̀ á wá ka ìwé pé kí gbogbo èèyàn túká. Tó bá kà á tán, wọ́n á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣókí kí gbogbo ayé lè gbọ́. Bí fèrè bá ti dákẹ́, ìbọn ló kàn.

Lọ́jọ́ náà, èrò tó wà lẹ́nu géètì ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Pa Pius wà ní iwájú pátápátá. Wọ́n ta aṣọ. Ajẹ́lẹ̀ kàwé. Àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn sí èjìká. Kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan, nítorí pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì, àwọn tó wà níwájú kò sì ríbi yà sí. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó ju ọwọ́ sílẹ̀, fèrè sì dún láti ẹ̀yìn àwọn ọlọ́pàá.

Orin Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni fèrè ń kọ.

Dagogo ní bí bàbá òun bá dé ibí yìí, ohùn rẹ̀ máa ń yí padà. Nígbà ayé òyìnbó, ta ni kò mọ orin Ọba? Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń fi pàṣán kọ́ ọmọ pé bí orin yìí bá dún, kó na ara ró, kó kó ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kó má mira, kódà kí èèrà máa ta á. Òyìnbó pàápàá kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí fèrè ṣe dún, ọ̀gá ọlọ́pàá gbé ọwọ́ sí fìlà. Ajẹ́lẹ̀ ṣí àkẹtẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sọ ìbọn kalẹ̀ láti èjìká, wọ́n gbé e dúró ṣánṣán síwájú àyà wọn, ẹnu ìbọn sì dojú kọ ọ̀run. Ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń bú ìjọba láàárọ̀ ṣí fìlà, wọ́n dúró gbagidi. Géètì dákẹ́ rọ́rọ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ omi tó ń gbá ara ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ilé ẹrù.

Orin parí. Ọ̀gá ọlọ́pàá la ẹnu, àmọ́ kó tó pariwo, fèrè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tún padà sí fìlà. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko ni fèrè náà kọ orin ọ̀hún. Nígbà tó dákẹ́ tán, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fúnra rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń kọ orin Ọba rí tí kì í ṣe pé ayẹyẹ ti parí? Ní sinimá, ní pápá eré ìje, ní Ẹ́ńpáyà Dè, ọjọ́ ayẹyẹ ìjọba òyìnbó, bí orin yẹn bá ti tán, ilé ló kù. Ẹgbẹ̀rún èèyàn dé fìlà padà, wọ́n sì ń lọ sílé ní méjìméjì bí ọmọ iléèwé. Òyìnbó kò lè yìnbọn sí ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ sílé. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó ń mú àwọn olórí nílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀ láàyè.

“Papa dey pray for that police every year,” Dagogo sọ. “Him dey say, God bless that fool wey no sabi wetin to blow.”

Kíkẹ́lọmọ sún mọ́ ọn. Ó bèèrè bóyá Pa Pius sọ bí fèrè náà ṣe ń dún. Dagogo ronú, ó ní ó sọ ọ́. Ó ní ibì kan wà lókè orin náà tí fèrè máa ń wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta tó kọ ọ́, ibẹ̀ náà ló ti wúkọ́.

Kíkẹ́lọmọ kò mọ bó ṣe dé Diobu. Ó bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tú ìdè irin sítóòfù kan. Kò kí i. Ó kọjá lọ sí yàrá, ó já fèrè náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú jọ́ọ̀jì rẹ̀, ó gbé e wá síwájú rẹ̀ lórí tábìlì láàárín àwọn ìdè.

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọn ọ́n.”

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ wo fèrè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé epo náà kò ní tán. Ó wá ní kí ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ó sọ fún un pé ọmọ ẹgbẹ́ afọnfèrè ọlọ́pàá ni òun nígbà náà. Afọnfèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé wọn lọ ń ṣàìsàn ibà, ni wọ́n bá ní kí òun mú fèrè tòun dání. Ẹ̀yìn àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n fi òun sí. Láàárín èjìká méjì ni òun ti ń rí àwọn èrò. Ọkùnrin kan wà níwájú tó so abọ́ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ìdí, abọ́ tánńganran, tó fi aṣọ pupa dì í. Ó hàn pé ó ní i lọ́kàn láti jẹun ọ̀sán. Bàbá ní abọ́ yẹn ni òun ń wò nígbà tí ọ̀gá ju ọwọ́ sílẹ̀.

“Mo wá bi ara mi pé, orin wo ló wà tí gbogbo wa máa ń gbọ́ tí a fi ń lọ sílé? Kò ju ọ̀kan lọ.”

Kíkẹ́lọmọ fa àpótí kan, ó jókòó. Ọkùnrin tí òun ń bá wá ìdè tó já bọ́ sábẹ́ tábìlì lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni ó jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Ó ń wò ó bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sínú ilé.

Ó ní kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ní òyìnbó mẹ́ta ló jókòó lé òun lórí lẹ́yìn ọjọ́ náà. Bí òun bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ọlọ̀tẹ̀ ni òun, ẹ̀wọ̀n òun kò sì ní lóǹkà. Wọ́n fi Bíbélì lé òun lọ́wọ́. Òun búra pé ẹ̀rù ló ba òun tí òun fi gbàgbé ohun tó yẹ kí òun fọn, pé bí òun bá purọ́, kí Ọlọ́run gba ohùn òun. Àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òmùgọ̀ ni òun, wọ́n sì lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ó dà bíi pé ara tu àwọn náà, torí òmùgọ̀ dùn ún kọ sínú ìwé ju ọlọ̀tẹ̀ lọ.

“Irọ́ ni mo fi Bíbélì pa, Kíkẹ́. N kò dúró kí Ọlọ́run tó gba ohùn náà. Mo fún un fúnra mi.”

Ìgbà yẹn ni gbogbo Àìkú tí bàbá rẹ̀ fi dúró pẹ̀lú ìwé orin ní ṣíṣí yé e. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ elépo yẹn, ó di orúnkún rẹ̀ mú. Ó ní òun kò ní kí ó wá sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Òun kò ní fi ìbúra rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Bí Dagogo kò bá ṣeé fẹ́, òun á fara mọ́ ọn. Bàbá gbé fèrè kúrò láàárín àwọn ìdè. Ó fọwọ́ lé e lórí, ó padà sídìí sítóòfù tó ń tún ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Kíkẹ́lọmọ wọlé lọ bọ́ gèlè. Nígbà tó jáde, bàbá rẹ̀ ṣì wọ kóòtù rẹ̀, fèrè sì wà lábíyá rẹ̀.

“Ká lọ,” ló wí.

Borikiri ni Pa Pius ń gbé, ní agboolé kan tó sún mọ́ omi. Ó jókòó sí ìloro lórí àga onígi, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ó sì tóbi, ó gbẹ, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ́ gòkè. Dagogo sáré jáde. Àǹtí Comfort wà ní ìdáná. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn àlejò jókòó.

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ kí i. Ó ní òun ni òun fọn fèrè lọ́jọ́ yẹn.

Pa Pius wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní ìtàn yẹn kò ṣàjèjì mọ́ ní Port Harcourt, gbogbo ọlọ́pàá tó bá ń wá ojú rere lè sọ pé òun ni. Ó ní Dagogo ti sọ ọ́ fún ọmọbìnrin, ọmọbìnrin ti sọ ọ́ fún bàbá, bàbá sì ti wá ra fèrè lọ́jà. Ó sọ ọ́ láì bínú, bí ẹni tó ti rẹ̀. Inú Kíkẹ́lọmọ bàjẹ́ gan-an, ojú sì tì í fún bàbá rẹ̀, ó fà á lápá pé kí àwọn máa lọ.

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò bá a jiyàn. Ó tú jọ́ọ̀jì, ó kó o fún ọmọ rẹ̀, ó gbé fèrè sẹ́nu. Atẹ́gùn lásán ló kọ́kọ́ jáde. Ó pọ́n ètè lá, ó tún un gbé. Ó ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, eyín méjì kò sí níwájú ẹnu rẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ohùn kan jáde tó ha. Lẹ́yìn ìyẹn ni orin náà tò tẹ̀ lé e, ó lọ́ra, ó wúwo, ó kún agboolé.

Kíkẹ́lọmọ kò gbọ́ fèrè lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Kò mọ̀ pé ó lè dára tó bẹ́ẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nu ún.

Orin gòkè. Ó dé ibi gíga rẹ̀, bọ́tìnnì àárín há, fèrè sì wúkọ́.

Àǹtí Comfort jáde láti ìdáná pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni lọ́jọ́ náà, tó gbé omi lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní géètì. Ó dúró lójú kan, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti ara ìgbakọ. Àgbàlagbà kan tó ń hun àwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà kejì ṣí fìlà.

Ìgbà náà ni Pa Pius fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀. Dagogo sún mọ́ ọn láti gbé e lápá, àmọ́ bàbá rẹ̀ mi orí fún un. Ó gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́, títí ó fi na ró tán. Ó jẹ́ kí ọ̀pá náà ṣubú. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí. Kò sí ẹni tó gbé e lápá.

Fèrè dákẹ́. Pa Pius ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“That day, na mistake?”

Kíkẹ́lọmọ di jọ́ọ̀jì náà mú. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi Bíbélì búra lé lórí, ó mọ ohun tó ní kí Ọlọ́run gbà bó bá jẹ́ irọ́. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ sọ fèrè kalẹ̀ láti ẹnu. Ètè rẹ̀ ti wú.

“No be mistake, sà. I sabi wetin I blow. One man dey front, him tie food for him waist with red cloth. I want make e go house go chop.”

Ohùn rẹ̀ kò lọ. Ó jáde ketekete, Kíkẹ́lọmọ sì gbọ́ ọ bó ṣe jáde.

Pa Pius wolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀ níbi tí kò sí abọ́ kankan mọ́, ó ń wá a. Omi ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀. Àǹtí Comfort bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní èdè wọn, Dagogo sì sọ fún Kíkẹ́lọmọ létí pé aṣọ pupa yẹn, ti ìyá àwọn méjèèjì ni.

“Thirty-two years,” Pa Pius sọ. “Thirty-two years I dey pray, I dey call you fool. Wetin be your name?”

“Ọmọ́tọ́ṣọ́.”

Pa Pius gbìyànjú láti pè é, kò bọ́ sí i lẹ́nu. Ó tún un pè, ó tún ṣì í. Kíkẹ́lọmọ la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́, àmọ́ bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ díẹ̀ pé kó fi í sílẹ̀. Ní ìgbà kẹta, orúkọ náà jáde pé. Ó ṣì wà lórí ìdúró nígbà tó pè é.